Àlàfo Láàrin Kẹ́hìndé àti Àlàbá

Ọwọ́ Hàlímọ̀ ti dúdú fún eruku, ṣùgbọ́n kò dìde lọ fọ̀ ọ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kẹjọ ló ṣí síwájú yìí, èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ dé ibi orúkọ. Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kan, ó kà á, ó fa rúlà wálẹ̀ sábẹ́ ìlà tó tẹ̀lé e, ó tún kà á, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Yàrá tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà ló wà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Hàlímọ̀ gbé tábìlì sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn sì ti kúrò lójú ìwé báyìí, ó ti bọ́ sí i lẹ́yìn ọrùn.

Ìwé mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, olójú-ewé ogójì. Ó ti fa ìlà òòró sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ mẹ́rin sókè: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Bí ó bá rí ìbejì nínú ìwé ilé ìwé, á kọ orúkọ bàbá wọn sí ẹ̀gbẹ́, á sì wá àwọn àbúrò wọn lọ nínú ìwé ọdún tó tẹ̀lé e. Ilé tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, á fi gègé fa igi dábùú rẹ̀, ó tán. Ilé tí Táyé, Kẹ́hìndé àti Àlàbá bá wà, tí àyè Ìdòwú sì ṣófo, á fi yíǹkì pupa yí àyè náà po.

Ẹni tó bá mọ Igbó-Ọrà yóò mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Ní ìlú mìíràn, ẹni tó bá ní ká kọ orúkọ gbogbo ìbejì sílẹ̀ lè parí rẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán. Ní Igbó-Ọrà, ọjọ́ mẹ́rin ni Hàlímọ̀ ti wà lórí rẹ̀ yìí.

Àkíbù, tíṣà tí yàrá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí Wẹ́fíà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ń wá ìbejì ní Igbó-Ọrà. Ẹ ò kúkú lọ wá iyanrìn létí odò.”

“Mi ò wá ìbejì, tíṣà. Àbúrò wọn ni mò ń wá.”

“Ìdòwú? Ìdòwú méjì ló wà nílé tèmi nìkan. Ẹ wá mú ọ̀kan. Èyí àgbà lórí kunkun, ẹ bá mi mú ìyẹn.”

“Èyí tí kò sí ni mò ń wá.”

Àkíbù gbé ọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn. “Ìjọba yìí ga o. Wọ́n ń san owó oṣù fún ẹni tó ń wá ohun tí kò sí.”

Hàlímọ̀ kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ti ọdún 1970. Mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí àwọn ọmọ tó jáde.”

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé inú eruku yìí kò gùn. Ọmọkùnrin kan wà ní Èrúwà tó ń jẹ́ Japheth, wẹ́dà ni, ó ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Rebecca tó tọ́ ọ dàgbà kò bí i. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní Èrúwà ló ti gbà á ní ọdún 1961, nígbà tí ọmọ náà kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ìyá ọmọ ti kú. Rebecca kò fi èyí pa mọ́ fún Japheth rí. Láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé, “Èmi kọ́ ni mo bí ọ, èmi ni mo ní ọ.” Èyí tó fún un láti fi dàgbà.

Kò tó láti fi gbéyàwó. Àdùnní, ọmọ Fákọ̀yà ọdẹ, ni Japheth fẹ́ fẹ́, ọmọ Igbó-Ọrà sì ni. Nígbà tí Fákọ̀yà gbọ́ pé Igbó-Ọrà ni wọ́n kọ sínú káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ọmọ náà lé Rebecca lọ́wọ́, ó gba ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba tí Hàlímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ó mú fìlà sọ́wọ́.

“Ìyá Rùkáyàt,” ó wí fún Hàlímọ̀, “mi ò bá ọmọkùnrin yìí jà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ mi ni wọ́n ti bí òun náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi ni bàbá rẹ̀ ńkọ́? Mo ṣe ọ̀dọ́ rí.”

“Ẹ̀yin lẹ lè dáhùn ìyẹn, Bàbá Àdùnní.”

“Mo ti ronú lọ ronú bọ̀, mi ò rántí,” Fákọ̀yà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. “Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá la dá fún ìdána. Bí ọjọ́ náà bá pé tí a kò mọ agbo ilé tó ti jáde, ọmọ mi ò lọ síbì kan.”

Ohun tí Hàlímọ̀ rí dì mú kò ju káàdì yẹn lọ. Ilé ìgbẹ̀bí náà ti wó, nọ́ọ̀sì ti kú, ìwé rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n fi ń dáná. Ohun tó wà lára káàdì ni ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ náà “ọmọkùnrin”, orúkọ náà Ìdòwú, lẹ́yìn náà “Àjíkẹ́, Igbó-Ọrà”, àti ìlà kan nísàlẹ̀ tí Hàlímọ̀ kò fi han ẹnikẹ́ni, títí kan Fákọ̀yà.

Ó kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́jà pé Àjíkẹ́ tí ọmọ rẹ̀ Ìdòwú sọnù ní 1961 kí ó wá rí òun. Àjíkẹ́ mọ́kànlá ló wá. Ọ̀kan nínú wọn kò tí ì pé ogójì ọdún. Òmíràn béèrè bóyá ọmọ náà ti ra ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan tó mọ ohun tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ káàdì. Nígbà tí Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń béèrè pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, èwo ni kò sí nílé, ṣe ni ojú ń le sí i. Ìyá arúgbó kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un.

“Ìwọ, ta ni ìyá ẹ? Kò kọ́ ẹ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?”

Ìyá Hàlímọ̀ ti kọ́ ọ. Òun ló gbàgbé, nítorí fọ́ọ̀mù ìjọba ní ibi tí a ti ń kọ iye ọmọ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ sí i. Ní ọjọ́ náà, ó padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó, ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ kó ti bi ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí a kò bá gbọdọ̀ ka ọmọ lójú ọlọ́mọ, ibo ni wọ́n ti kà wọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ilé ìwé. Tíṣà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó ka ọmọ wọn, lójoojúmọ́ pàápàá, ẹnì kan ò sì bínú. Ẹni tó bá ti jẹ́ Ìdòwú ní ìbejì níwájú. Bí ìyá rẹ̀ bá tún bímọ lẹ́yìn rẹ̀, Àlàbá ni ọmọ náà, ìbáà jẹ́ Ìdòwú wà nílé tàbí kò sí. Nítorí náà, àlàfo kan á wà nínú ìwé ilé ìwé kan, láàrin Kẹ́hìndé àti Àlàbá, bí àyè eyín tó yọ.

Kí agogo ilé ìwé tó lù ní ọjọ́ kẹrin yìí, Hàlímọ̀ pa ìwé tó kẹ́yìn dé. Ilé mọ́kànléláàádọ́rin ló wà nínú ìwé olójú-ewé ogójì náà. Àlàfo márùn-ún ló ní yíǹkì pupa lára. Ó to ìwé ìforúkọsílẹ̀ padà sórí pákó bí ọdún wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Àkíbù.

“Ẹ rí ohun tí kò sí?” Àkíbù bi í.

“Mo rí márùn-ún.”

Kò béèrè iye ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá dé agbo ilé kan, á kí wọn, á gba omi mu, á jókòó, á sì máa tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìyá ilé náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kú, a kì í fi orúkọ ọmọ náà pè é mọ́. A ó mú orúkọ ẹlòmíràn nínú àwọn tó kù, kí ọgbẹ́ má baà máa ṣí lójoojúmọ́. Ní ilé àkọ́kọ́, Ìyá Táyé ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ní ilé kejì, Ìyá Àlàbá. Ìkẹta ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fúnra wọn, láìjẹ́ pé ó béèrè, pé ilé ni Ìdòwú àwọn kú sí, pé èyí gan-an ni igi tí wọ́n gbìn síbi tí wọ́n sin ín sí. Ní ilé kẹrin, Ìdòwú wà láàyè, ó ń kọ ebè iṣu ní Ìgàngán. Kò lọ sí ilé ìwé rí ni. Hàlímọ̀ fa igi dábùú ìkọ̀ọ̀kan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Sátidé Fákọ̀yà pé nígbà tó wọ agbo ilé kan ní Ìdòfin. Èéfín gbóná gba gbogbo àgbàlá. Obìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń yan gàrí nínú agbada ńlá, ó ń fi igbá rò ó lọ rò ó bọ̀. Hàlímọ̀ kí i, ó sì béèrè ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà kò dá igbá dúró. Ó kọjú sí inú ilé, ó gbóhùn sókè.

“Ìyá Ìdòwú! Ẹ ní àlejò!”

Báàgì ọwọ́ Hàlímọ̀ wúwo lójijì. Ó gbé e sílẹ̀ lórí àpótí ìdáná kan, ó rọra jókòó tì í. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé, má sáré.

Obìnrin tó jáde náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ẹ̀gẹ́ rírin. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, nípa ilé, nípa ọ̀gbẹlẹ̀, nípa ọ̀nà Èrúwà tó bàjẹ́.

“Ìyá, mi ò wá ka ọmọ yín o,” Hàlímọ̀ wí.

“Bẹ́ ẹ kà wọ́n, wọ́n pé.”

“Orúkọ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ yín ló jẹ́ kí n béèrè. Níbo ni Ìdòwú wà?”

“Ó lọ sí Èrúwà.”

Àlàbá, nídìí agbada, mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti gbọ́ ìdáhùn yìí láti ìgbà tó ti ní etí.

“Nígbà wo ló lọ?”

“Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyí.”

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Kò fi omijé sí i. Ọjà Èrúwà ló lọ nígbà tí ìrọbí mú un. Ó bí ọmọ náà sí ilé ìgbẹ̀bí nọ́ọ̀sì kan, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé kò mọ ẹni tó ń pe òun. Àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e wálé pé kó má baà kú sílẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì bá wọn mú ọmọ dání. Oṣù kẹta ló tó lè dìde. Nígbà tó padà débẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ọmọ ti kú.

“Mo ní, kó fi sàréè rẹ̀ hàn mí. Ó ní òun ò rántí ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo ní, ọmọ tí kò ní sàréè, kò kú. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Níkẹyìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mi ò mọ̀wé. Mi ò mọ ẹnì kankan níbi iṣẹ́ ìjọba. Orúkọ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bí èyí tó ń yan gàrí yìí, gbogbo wọn fẹ́ máa pè mí ní Ìyá Àlàbá. Mo ní rárá. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Wọ́n ní orí mi ti yí. Bàbá wọn, Ṣàngódèyí, bẹ̀ mí títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti pè mí ní Ìyá Ìdòwú, àlejò tó bá wà níbẹ̀ á béèrè pé, èwo ni Ìdòwú? Mo ṣáà fẹ́ kí wọ́n máa béèrè. Mo ní lọ́jọ́ kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbọ́.”

Hàlímọ̀ wo ilẹ̀. Òun ní ọ́fíìsì, ó ní káàdì, ó ní alùpùpù, ó ní ìwé ọdún mẹ́sàn-án láti yẹ̀ wò. Oṣù méjì péré ló sì fi ń ráhùn. Obìnrin yìí ní orúkọ kan, ó sì gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bí àtùpà tí kò jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Hàlímọ̀ ì bá mu omi rẹ̀ tán, á dìde, á fa igi dábùú ilé karùn-ún, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

“Kí ni orúkọ tí wọ́n sọ yín gan-an, Ìyá?”

“Àjíkẹ́.”

“Ẹ gbọ́ nígbà tí a kéde?”

“Mo gbọ́. Ẹ ní Àjíkẹ́ tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Tèmi ò sọnù. Mo ní Èrúwà ló wà. Mo sì gbọ́ pé àwọn mọ́kànlá ló wá. Mi ò lè bá olè tò sẹ́yìn ara wa.”

“Ó dára. Kí lẹ rántí lára ọmọ náà?”

Àjíkẹ́ na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi ìka ọ̀tún kan ẹ̀gbẹ́ ìka tó kéré jù.

“Ó ní ìka kẹfà níbí, kékeré báyìí, bí ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì fi òwú dì í kí ara mi tó gbóná. Ó ní á gbẹ, á já. Mi ò mọ̀ bóyá ó já.”

Ìlà ìsàlẹ̀ káàdì nìyẹn: ìka kẹfà, ọwọ́ òsì, a ti fi òwú dì í. Hàlímọ̀ ti ka ìlà náà tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Kò yọ káàdì jáde. Ohun kan ṣì kù tó gbọ́dọ̀ béèrè, kò sì jẹ́ kí ayọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá Ìdòwú, ó wà láàyè. Èrúwà ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tí ì sọ fún un pé mo rí yín. Bẹ́ ẹ bá ní kó má wá, kò ní í wá, mi ò sì ní sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ̀tọ́ yín ni.”

Igbá Àlàbá ti dúró. Gàrí ń jóná nínú agbada, kò sẹ́ni tó rántí.

“Ta ló tọ́ ọ?” Àjíkẹ́ béèrè.

“Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rebecca. Wọ́n sọ fún un pé ẹ ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé káàdì wá fún mi.”

“Kóun náà bá a wá. Mi ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò tí ì kí kú iṣẹ́.” Ó yíjú sí Àlàbá. “Gàrí ń jó, ìwọ yìí.”

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá, àwọn mẹ́ta: Japheth nínú àǹkárá tuntun tó le koko, Rebecca tó di ìgbálẹ̀ tuntun kan tó rà wá fún onílé mú bí ẹni pé òun ló máa gbà á là, àti Fákọ̀yà. Hàlímọ̀ ló ṣáájú. Táyé àti Kẹ́hìndé ti kó ìdílé wọn dé, àgbàlá sì kún.

Japheth dọ̀bálẹ̀. Àjíkẹ́ kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ ìka tó kéré jù. Àpá kan wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, láàrin àpá iná tí iṣẹ́ wẹ́dà ti fi sí i lọ́wọ́.

“Ó já,” ó wí.

Ó wá di í mọ́ra. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Rebecca ló lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Rebecca sáré kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ìgbálẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bẹ ara wọn pé, ẹ dìde, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, títí Kẹ́hìndé fi ní bí wọn ò bá dìde, òun á gbé oúnjẹ wọn wá sílẹ̀ níbẹ̀.

Fákọ̀yà dúró títí wọ́n fi jókòó. Ó ní kí wọ́n má bínú, ohun tó gbé òun wá òun gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ó béèrè agbo ilé bàbá Ṣàngódèyí, ó béèrè ti ìyá rẹ̀. Ó béèrè ibi tí ìyá Àjíkẹ́ ti wá, ó béèrè ìyá tó bí ìyá náà. Àjíkẹ́ dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kọsẹ̀ níbì kan. Ọdẹ náà ń fi ìka tọ àwọn ìyá bàbá tirẹ̀ lọ, ètè rẹ̀ ń mì. 

“Kò bá wa tan,” Fákọ̀yà wí níkẹyìn. “Kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti pàdé.” Ó dé fìlà rẹ̀ sórí. “Ìyá Ìdòwú, Sátidé la dá. Ẹ̀yin àti Màmá Japheth, kí ẹ jọ gbé igbá yín wá. Mi ò fẹ́ kí ìyá kan kù nílé.”

“Igbá mélòó?” Táyé béèrè.

“A kì í kà á,” Àlàbá dá a lóhùn, ilé bú sẹ́rìn-ín.

Hàlímọ̀ ti yọ fáìlì. Ó ní kí Japheth fọwọ́ sí i, kí Rebecca fọwọ́ sí i. Ó fi yíǹkì sí àtàǹpàkò Àjíkẹ́, obìnrin náà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹni ń tẹ ẹ̀wà sínú ebè. Lẹ́yìn náà ni Hàlímọ̀ ṣí ìwé olójú-ewé ogójì sí ilé karùn-ún. Ó kọ “Japheth, Èrúwà” sínú àlàfo tí yíǹkì pupa yí po, láàrin Kẹ́hìndé àti Àlàbá, ó sì fi gègé fa igi dábùú ilé náà.

Wọ́n ní kó dúró jẹun. Ó ní ẹlòmíràn ń dúró de òun, obìnrin kan tó ń wá bàbá rẹ̀ láti Ìbàdàn, kò sì yẹ kí òun fi àkókò rẹ̀ jẹ iyán. Àlàbá di gàrí sínú láílọ́ọ̀nù fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Bó ti ń ṣáná sí i ló gbọ́ ohùn ọmọ kan láti inú àgbàlá, ó ń pe Ìyá Ìdòwú kí wọ́n wá bu omi fún àlejò. Ohùn Japheth ló dáhùn pé òun á bù ú. Hàlímọ̀ yí alùpùpù sí ọ̀nà, ó lọ.